Ọ̀gá ní kí n dẹ́rù ba àwọn òṣìṣẹ́ nítorí ààbò kọ̀ǹpútà. Ṣé ẹ̀rù ń ṣiṣẹ́?

Ayọ̀_Bódìjà

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará. Ẹ bá mi dá sí ọ̀rọ̀ kan. Èmi ni mò ń bójú tó kọ̀ǹpútà ní iléeṣẹ́ kan n'Íbàdàn, àwa òṣìṣẹ́ ibẹ̀ á máa lọ sí ọgọ́ta. Lóṣù tó kọjá, ẹnì kan ní ẹ̀ka owó gba ímeèlì tó dà bíi pé ọ̀dọ̀ Microsoft ló ti wá. Ó tẹ lìǹkì inú rẹ̀, ó sì kọ páásíwọọ̀dù rẹ̀ síbẹ̀. A tètè rí i, a yí páásíwọọ̀dù náà padà, kọ́bọ̀ kan ò lọ. Ṣùgbọ́n inú ọ̀gá ò tíì rọ̀ títí di òní. Ó ní kí n lẹ ìkìlọ̀ mọ́ gbogbo ilẹ̀kùn, kí n sì fi ránṣẹ́ sórí WhatsApp iléeṣẹ́. Òun fúnra rẹ̀ ló kọ ọ́, ẹ wò ó:

"ÌKÌLỌ̀ PÀTÀKÌ! Lìǹkì kan ṣoṣo tí o bá tẹ̀ lè pa iléeṣẹ́ yìí run. Àwọn ọ̀daràn ń ṣọ́ ọ báyìí. Ẹni tó bá kó wa sí wàhálà yóò fi iṣẹ́ sílẹ̀, yóò sì fojú ba ilé-ẹjọ́."

Àwòrán ọwọ́ méjì nínú ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ ló fẹ́ kó wà lábẹ́ ẹ̀. Ó tún ní kí n máa fi ímeèlì ẹ̀tàn dán wọn wò lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, kí n sì lẹ orúkọ ẹni tó bá kó sí i mọ́ pátákó ìkéde tó wà lẹ́bàá ilé ìdáná.

Èmi ò sọ pé kí ẹ̀rù má bà wọ́n rárá o. Ohun tí mo fẹ́ mọ̀ ni pé, bí ẹ̀rù bá bà wọ́n tán, kí ni wọ́n máa ṣe?

Ẹ̀gbọ́n_Sábó

Lẹ̀ ẹ́, àbúrò. Lónìí pàápàá. Ọmọ Nàìjíríà kì í gbọ́ ọ̀rọ̀ pẹ̀lẹ́. Níbi tí mo ti ṣiṣẹ́ rí, ara kọ̀ǹpútà gan-an ni wọ́n ń kọ páásíwọọ̀dù mọ́, ẹni tó bá ṣáà ń kọjá lọ á kà á. A bẹ̀ wọ́n, a fi ẹ̀rín sọ ọ́, a fi àdúrà sọ ọ́. Ọjọ́ tí wọ́n lé ẹnì kan lórí ọ̀rọ̀ yẹn ni gbogbo wọn já ìwé náà dànù kí ilẹ̀ tó ṣú.

Ìyá_POS

Wọ́n já a lóòótọ́, ẹ̀gbọ́n. Ibo ni wọ́n wá kó o sí? Abẹ́ kíbọ́ọ̀dù 😂

Ẹ̀gbọ́n_Sábó

@Ìyá_POS Ẹ ò ní pa mí. Àwọn kan ṣe bẹ́ẹ̀ lóòótọ́.

Ìyá_POS

Ayọ̀, jẹ́ kí n sọ ti ọ̀dọ̀ mi fún ọ. Idí POS ni mò ń jókòó sí láti àárọ̀, gbogbo àtẹ̀jíṣẹ́ tó bá wọ fóònù àwọn oníbàárà mi, èmi ni wọ́n ń gbé e wá fún pé kí n bá wọn kà. Ẹ jẹ́ kí n kọ èyí tó ń wọlé jù síbí: "Oníbàárà wa ọ̀wọ́n, BVN yín ti di títì pa nítorí òfin tuntun CBN. Ẹ pe nọ́ńbà yìí láàárín wákàtí 24 kí àkáǹtì yín má bàa di èyí tí a ti pa pátápátá." Báǹkì ò kọ ọ́ o. Olè ló kọ ọ́.

Wá gbé ti ọ̀gá rẹ sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Lẹ́tà gàdàgbà, ewu ńlá, àsìkò ò sí, wọ́n ń ṣọ́ ọ. Ohùn kan náà ni. Bí àwọn òṣìṣẹ́ yín bá ti mọ́ ọn lára pé ohun tó bá ti kígbe ni kí àwọn sáré dá lóhùn, ta ni wọ́n máa dá lóhùn lọ́jọ́ tí olè bá kígbe?

Ayọ̀_Bódìjà

Ẹ ṣé mà. Mi ò rò ó dé ibẹ̀ yẹn rí.

Títí_Lóńdónì

Ẹ kú ìjókòó o. Ilé ìwòsàn ni mo ti ń ṣiṣẹ́ níbí, ẹ jẹ́ kí n mú ọ̀rọ̀ WannaCry wọlé, kòkòrò kọ̀ǹpútà tó ń ti fáìlì pa kó tó gbowó, nítorí òun ni gbogbo oníkìlọ̀ máa ń fi dẹ́rù bani. May 12, 2017 ló ṣẹlẹ̀. Ó wọ kọ̀ǹpútà tó lé ní 200,000 ní nǹkan bí orílẹ̀-èdè 150. Ní England, ó kan ó kéré tán 81 nínú àwọn àjọ ilé ìwòsàn NHS 236, ẹgbẹẹgbẹ̀rún aláìsàn ni wọ́n sì fagi lé àdéhùn ìtọ́jú wọn. Gbogbo ohun tó wà nínú kọ̀ǹpútà á tì pa, ojú pupa kan á yọ síta pẹ̀lú aago tó ń kà sẹ́yìn: dọ́là 300 ní Bitcoin, lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́ta ó di 600, lẹ́yìn ọjọ́ méje fáìlì lọ pátápátá. Ẹ̀yin tí ẹ fẹ́ràn ẹ̀rù, ẹ ò rí i pé àwọn olè gan-an mọ̀ ọ́n ṣe jù yín lọ.

Ohun tó dùn mí nínú ẹ̀ rèé. Ọ̀pọ̀ èèyàn rò pé nọ́ọ̀sì kan ló tẹ lìǹkì. Rárá o. WannaCry ò nílò pé kí ẹnikẹ́ni tẹ nǹkan kan. Ihò kan nínú Windows ló ń gbà wọlé, láti inú kọ̀ǹpútà kan bọ́ sí èkejì fúnra rẹ̀. Microsoft sì ti gbé àtúnṣe ihò náà jáde láti March 2017, nǹkan bí oṣù méjì ṣáájú. Àwọn tó yẹ kó fi àtúnṣe yẹn sórí ẹ̀rọ ni kò tíì fi sí i. Bí ẹ bá lẹ àwòrán ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ yíká gbogbo yàrá àwọn nọ́ọ̀sì nígbà yẹn, kí ló máa dí?

Nítorí náà Ayọ̀, kí o tó dẹ́rù ba ẹnikẹ́ni, béèrè lọ́wọ́ ara rẹ bóyá iṣẹ́ wọn ni tàbí iṣẹ́ rẹ. Update àwọn kọ̀ǹpútà ọ́físì ńkọ́, ta ló ń ṣe é?

Ayọ̀_Bódìjà

Èmi ni mà. Àwọn tó ń lo Windows 10 ṣì wà nínú wọn, Microsoft sì ti dáwọ́ àtìlẹ́yìn ọ̀fẹ́ rẹ̀ dúró ní October 2025. Mo ti kọ̀wé fún ọ̀gá nípa ẹ̀. Ó ní owó ò sí.

Ọmọ_Ìjẹ̀bú

Hmm. Owó ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ wà, owó kọ̀ǹpútà ò sí.

Ọ̀mọ̀wé_Ń_Bọ̀

Saikọ́lọ́jì ni mò ń kọ́ ní yunifásítì, ọ̀rọ̀ ìdẹ́rùbani yìí ti pẹ́ lọ́wọ́ wa. Ẹ fara dà á fún mi, ó máa gùn díẹ̀.

Ní 1953, Irving Janis àti Seymour Feshbach bá àwọn ọmọ iléèwé gíráámà kan ní Amẹ́ríkà sọ̀rọ̀ lórí ìtọ́jú eyín. Wọ́n pín wọn. Àwọn kan rí àwòrán erìgì tó ti jẹrà, wọ́n gbọ́ nípa ìrora àti àrùn. Àwọn kan gbọ́ ọ wọ́ọ́rọ́wọ́. Nígbà tí wọ́n padà lọ wò ó, àyípadà lára àwọn tí ẹ̀rù bà jù jẹ́ 8 nínú 100. Ti àwọn tí wọn ò fi bẹ́ẹ̀ dẹ́rù bà jẹ́ 36.

Àmọ́ èyí tó bá ọ̀rọ̀ Ayọ̀ mu jù ni ti Howard Leventhal àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yale, tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 1965. Wọ́n fẹ́ kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ lọ gba abẹ́rẹ́ tẹ́tánọ́ọ̀sì. Wọ́n fún wọn ní ìwé pẹlẹbẹ, tí àwọn kan le koko pẹ̀lú àwòrán, tí àwọn kan sì rọ̀. Ẹ̀rù bà wọ́n, wọ́n ní àwọn máa lọ. Àwọn tó lọ ò ju 3 nínú 100. Wọ́n wá fún àwọn mìíràn ní máàpù ọgbà iléèwé, wọ́n yí ibi tí wọ́n ti ń gún abẹ́rẹ́ ká, wọ́n kọ àsìkò sí i, wọ́n ní kí kálukú ronú ìgbà tí òun máa ráyè. Àwọn tó lọ di 28 nínú 100. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wọ̀nyí mọ ibi tí ilé ìwòsàn wà tẹ́lẹ̀ o! Bí ìwé ṣe le tó tàbí bó ṣe rọ̀ tó ò sì ṣe ìyàtọ̀ kankan nínú iye tó lọ.

Ẹ̀gbọ́n Sábó, tiyín náà wà níbẹ̀: máàpù nìkan, láìsí ìbẹ̀rù kankan, kò mú wọn dìde. Ẹ̀rù díẹ̀ ní iṣẹ́ tirẹ̀.

Ronald Rogers ló wá tò ó fún wa ní 1975, tó sì tún un ṣe ní 1983. Ẹni tí a kìlọ̀ fún á wò ó bóyá ewu náà le, bóyá ó lè kan òun. Lẹ́yìn ìyẹn ló máa wò ó bóyá ohun tí wọ́n ní kí òun ṣe á gba òun là, àti bóyá apá òun ká a. Kim Witte fi kún un ní 1992 pé bí ẹ̀rù bá pọ̀ tí ẹni náà ò sì rí ohun tí apá rẹ̀ ká, á pa ewu tì, á wá bí ẹ̀rù á ṣe kúrò lára òun. Á ní irọ́ ni. Á ní kò lè kan òun. Á bínú sí ẹni tó kìlọ̀. Ẹ tún ìwé ọ̀gá Ayọ̀ kà, kí ẹ fi ìka hàn mí ibi tó ti sọ ohun tí òṣìṣẹ́ máa ṣe.

Ẹ̀gbọ́n_Sábó

Ọ̀mọ̀wé, mo gbọ́. Ṣùgbọ́n 1953? Eyín? Àwọn tí mò ń sọ̀rọ̀ wọn, kọ̀ǹpútà iléeṣẹ́ ni wọ́n fi ń wo bọ́ọ̀lù ọ̀fẹ́. Ṣé kò sí ìwádìí kankan tó gbè mí lẹ́sẹ̀?

Ọ̀mọ̀wé_Ń_Bọ̀

Ó wà, ẹ̀gbọ́n, mi ò ní fi pamọ́ fún yín. Ní 2015, Melanie Tannenbaum àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kó ọ̀pọ̀lọpọ̀ ìwádìí jọ, wọ́n sì rí i pé lápapọ̀, ìdẹ́rùbani ń mú èèyàn yí ìwà padà. Ti 1953 yẹn ò dúró gẹ́gẹ́ bí òfin mọ́. Ṣùgbọ́n ẹ wo ibi tó ti ń ṣiṣẹ́ jù: níbi tí wọ́n ti sọ fún èèyàn pé ohun báyìí ni kó ṣe, pé apá rẹ̀ ká a, àti níbi tó ti jẹ́ ohun tí èèyàn máa ṣe lẹ́ẹ̀kan tán, dípò ohun tí á máa ṣe lójoojúmọ́.

Ìyẹn gan-an ló yẹ kí Ayọ̀ dì mú. Ẹ lè dẹ́rù ba èèyàn kó lọ tan ìdánilójú onípele méjì (two-step verification, ẹ̀rí kejì tí wọ́n á béèrè kí ẹnikẹ́ni tó wọlé) sórí WhatsApp rẹ̀ lónìí, tán, ó parí. Ẹ ò lè dẹ́rù bà á kó máa fura sí gbogbo ímeèlì láti Mọ́ńdè dé Fúráìdè títí ayé. Ara á rẹ̀ ẹ́.

Ẹ̀gbọ́n_Sábó

Ìyẹn yé mi. Lẹ́ẹ̀kan tán. Ó dáa.

Ọ̀dọ̀_Wa_Ni_Báǹkì

Ẹ jẹ́ kí n dá sí i, nítorí èmi ni mò ń dáhùn ìpè àwọn oníbàárà. (Ẹ má bi mí léèrè báǹkì wo.)

Ohun tí ẹ ò rí rèé. Kí olè tó pe èèyàn, ó ti gba orúkọ rẹ̀ níbì kan. Á ní, "Màdámù, ẹnì kan ń gbìyànjú àtifi owó yín ránṣẹ́ báyìí. Kóòdù tó wọlé sórí fóònù yín, ẹ kà á fún mi kí n bá yín dá owó náà dúró. Ẹ má gé fóònù o!" Ẹ̀rù yẹn ni gbogbo irinṣẹ́ rẹ̀. Tí oníbàárà bá fi lè sinmi ìṣẹ́jú kan, tó gé fóònù, tó yí káàdì ATM rẹ̀ padà, tó pe nọ́ńbà ẹ̀yìn rẹ̀, ọ̀rọ̀ ti bàjẹ́ mọ́ olè lọ́wọ́.

Èkejì ló máa ń dun èmi jù. Àwọn tó ti ka kóòdù fún olè kì í tètè pè wá. Ìtìjú ni. Wọ́n á kọ́kọ́ pe ọ̀rẹ́, wọ́n á pe pásítọ̀, wọ́n á jókòó. Bí wọ́n bá ṣe máa pe àwa, owó ti kúrò nínú àkáǹtì àkọ́kọ́ bọ́ sínú òmíràn, wọ́n ti fà á jáde nídìí POS. Ohùn wọn á máa gbọ̀n, ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ tó sì máa ń jáde ni, "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú." Bíi pé èmi ni wọ́n jí nǹkan mi.

Ayọ̀, ẹni tó tẹ lìǹkì ní ọ́físì yín, báwo lẹ ṣe mọ̀?

Ayọ̀_Bódìjà

Òun fúnra rẹ̀ ló wá sọ fún mi. Kò tó ìṣẹ́jú mẹ́wàá lẹ́yìn tó ṣe é. Ojú ìwé náà ò ṣí lẹ́yìn tó kọ páásíwọọ̀dù, ló bá fura.

Ọ̀dọ̀_Wa_Ni_Báǹkì

Ẹni yẹn ló gba iléeṣẹ́ yín là. Òun ni ọ̀gá fẹ́ lẹ orúkọ rẹ̀ mọ́ ẹ̀bá ilé ìdáná?

Ọmọ_Ìjẹ̀bú

Ẹ tún wò ó láti ojú òfin. Òfin ìdáàbòbò dátà ti 2023 sọ pé bí dátà àwọn èèyàn bá bọ́ sọ́wọ́ ẹlòmíràn lọ́nà tó lè pa wọ́n lára, wákàtí 72 ni iléeṣẹ́ ní láti fi tó NDPC, àjọ tó ń bójú tó ìdáàbòbò dátà ní Nàìjíríà, létí, láti ìgbà tí wọ́n bá ti mọ̀. Báwo lẹ ṣe fẹ́ mọ̀ bí ẹnu gbogbo òṣìṣẹ́ bá ti dì?

Ọ̀rọ̀ ímeèlì ìdánwò náà, ẹ rọra. Ní December 2020, GoDaddy, iléeṣẹ́ ayélujára kan ní Amẹ́ríkà, fi ímeèlì ránṣẹ́ sí àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ pé wọ́n fẹ́ fún wọn ní dọ́là 650 ti ọdún Kérésìmesì. Ìdánwò ni. Ní àsìkò kòrónà, tí owó wọ́n! Iléeṣẹ́ náà ló padà tọrọ àforíjì. Ní August 2024, Yunifásítì California ní Santa Cruz kọ ímeèlì ìdánwò pé Ebola ti wọ ọgbà. Ẹ̀rù ba àwọn èèyàn débi pé yunifásítì náà tọrọ àforíjì. Ìkìlọ̀ ìlera tòótọ́ tó bá wá lẹ́yìn ìyẹn, ta ló máa gbà á gbọ́?

Títí_Lóńdónì

@Ọmọ_Ìjẹ̀bú Ó dáa bó o ṣe mú un wá. Àjọ ààbò kọ̀ǹpútà ìjọba níbí, NCSC, náà máa ń kìlọ̀ pé kí wọ́n má fìyà jẹ ẹni tó bá kó sí ìdánwò. Àwọn náà ló ní kí iléeṣẹ́ yé fipá mú èèyàn yí páásíwọọ̀dù padà lóṣooṣù, nítorí bí wọ́n bá fipá mú un, á kàn fi 1 kún ti àtẹ̀yìnwá, lóṣù tó ń bọ̀ á di 2.

Ayọ̀_Bódìjà

Mo ti jókòó tì í láti àná. Ẹ wo èyí tí mo kọ, kí ẹ fọ́ ọ sí wẹ́wẹ́:

"Lóṣù tó kọjá, ímeèlì kan tó ní ọ̀dọ̀ Microsoft lòun ti wá gba páásíwọọ̀dù ẹnì kan ní ọ́físì yìí. Kò pàdánù nǹkan kan nítorí pé ó tètè sọ. Irú rẹ̀ á tún wá, ó sì lè wá sọ́dọ̀ rẹ. Bí ímeèlì tàbí àtẹ̀jíṣẹ́ bá ń kán ọ lójú, má tẹ nǹkan kan nínú rẹ̀. Bí o bá ti tẹ̀ ẹ́, pe Ayọ̀ lójú ẹsẹ̀, nọ́ńbà abẹ́lé 14. Kò sẹ́ni tó máa bá ọ wí pé o pè. Lọ́jọ́ Wẹ́sìdeè, Ayọ̀ á wá sídìí tábìlì rẹ, ẹ ó jọ tan ìdánilójú onípele méjì sórí ímeèlì rẹ. Mú fóònù rẹ lọ́wọ́."

Ọ̀mọ̀wé_Ń_Bọ̀

Máàpù ti wọ inú ẹ̀. Àsìkò ti wọ inú ẹ̀. Èmi ò ní nǹkan kan fi kún un.

Ìyá_POS

Ó dáa, àmọ́ ó gùn fún ẹnu ilẹ̀kùn. Ẹni tó ń sáré lọ sí ilé ìyàgbẹ́ ò ní kà ju ìlà méjì. "Bí o bá ti tẹ̀ ẹ́, pe Ayọ̀, 14" ni kó tóbi jù. Ìyókù lọ sórí WhatsApp.

Ẹ̀gbọ́n_Sábó

Èmi ṣì fẹ́ eyín kan nínú ẹ̀. Ẹni tó tẹ̀ ẹ́, a dárí jì í. Ẹni tó mọ̀ pé òun tẹ̀ ẹ́, tó bò ó mọ́lẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ méjì ńkọ́? Ìyẹn yẹ kó dáhùn.

Ọ̀dọ̀_Wa_Ni_Báǹkì

Mo gbà pẹ̀lú ẹ̀gbọ́n níbẹ̀. Ṣùgbọ́n kí wọ́n má kọ ọ́ sójú ìwé kan náà. Ẹni tó ń wárìrì ò ní mọ ìyàtọ̀ láàárín méjèèjì, ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ nìkan ló máa rí.

Ayọ̀_Bódìjà

Ẹ ṣé gan-an, gbogbo yín. Mo ti gbé e lọ bá ọ̀gá láàárọ̀ yìí. Ó kà á lẹ́ẹ̀mejì. Ó fọwọ́ sí i, ó ní kí n gbàgbé ọ̀rọ̀ pátákó ìkéde. Ímeèlì ìdánwò di ẹ̀ẹ̀kan lóṣù mẹ́ta, láìsí owó ọdún àti àìsàn nínú ẹ̀. Ìṣòro kan ló kù: ó ní àwòrán ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ ò gbọdọ̀ kúrò, pé òun ti sanwó fún oníṣẹ́ ọnà.

Ọmọ_Ìjẹ̀bú

😂😂 Lẹ̀ ẹ́ mọ́ ilẹ̀kùn ọ́físì rẹ̀.

Títí_Lóńdónì

Windows 10 ńkọ́? Ẹ ti bọ́ sórí ìwé ìlẹ̀mọ́gi, ẹ ti gbàgbé ihò.

Ayọ̀_Bódìjà

Mo so ó mọ́ ìwé yẹn náà mà. Ó gbà kí a kọ́kọ́ pààrọ̀ ti ẹ̀ka owó, mẹ́rin péré. Ìyókù di ọdún tó ń bọ̀.

Ìyá_POS

Ọ̀rọ̀ kan ló kù lẹ́nu mi. Bí ẹnì kan bá tẹ lìǹkì lọ́jọ́ Sátidé, tó pe 14, ta ló wà níbẹ̀ tó máa gbé e?

Ayọ̀_Bódìjà

Kò sí ẹnì kankan mà. Mo máa fi nọ́ńbà fóònù tèmi sábẹ́ ẹ̀. Mo ti béèrè lọ́wọ́ ọ̀gá bóyá iléeṣẹ́ á máa san owó ìpè rẹ̀, kò tíì dá mi lóhùn.